Bí Mo Ṣe Fi Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Afẹ́fẹ́ Gbé Omi Oorun Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè Agbọ̀nnijìgì

Ẹ̀yin tí ẹ gbé àpótí wá, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo kí gbogbo yín. Mo júbà Ẹlẹ́dàá tó fi oorun sí ojú ènìyàn láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Mo júbà àwọn baba mi tí wọ́n ti sùn tí ẹnì kan kò lè jí. Ẹ jẹ́ kí n dìde dúró sọ̀rọ̀, nítorí ìtàn yìí kì í jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi a máa yún mi títí n ó fi sọ ọ́ tán.

Èmi ni Ọdẹ́jìmí ọmọ Ọdẹ́yalé, ọmọ a-rí-ẹfọ̀n-má-yẹsẹ̀, ọmọ a-gbọ́-ohùn-ẹkùn-tún-fìlà-dé. Ẹ má wo bí ẹ̀yìn mi ṣe tẹ̀ lónìí. Nígbà tí egungun mi ṣì le, bí mo bá wúkọ́ nínú igbó, ńṣe ni àwọn ìmàdò máa ń bi ara wọn pé ta ló ṣẹ ọdẹ nínú wọn. Ẹni tó bá sọ pé irọ́ ni kí ó lọ bi ìmàdò.

Obìnrin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé mi, Ayọ̀ká ni orúkọ rẹ̀. Ayọ̀ká adúmáadán, a-fẹ̀rín-dá-àlejò-dúró, obìnrin tó ń rìn tí ilẹ̀ kì í mọ̀ pé wọ́n tẹ òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oorun fò kúrò lójú rẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókò. Kò sùn ní ọjọ́ náà, kò sùn ní ọjọ́ kejì. Ó gbálẹ̀ títí àgbàlá wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di kòtò. Ó fọ aṣọ tó mọ́, ó tún un fọ̀. Wọ́n fún un ní ewé, ó jẹ ewé. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn tó jẹ́ pé èmi tí mo gbé e lọ́wọ́ lásán ni mo ń yán, ṣùgbọ́n ojú Ayọ̀ká là kedere bí ojú ẹja lórí àtẹ. Nígbà tó di ogójì ọjọ́, ó pè mí.

Ó ní, “Olówó orí mi, ó rẹ̀ mí dé inú egungun. Bí ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn bá kọjá báyìí, ẹ lọ máa wá ibi tí ẹ ó tẹ́ mi sí.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin tí ẹkùn kò lè mú kí ó gbọ̀n, ọ̀rọ̀ yẹn gbọ̀n mí.

Ìyá Ayọ̀ká ló fọ̀nà hàn mí. Morádékẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá náà, ahọ́n rẹ̀ mú ju àdá mi lọ. Ó ní, “Àna mi, ìwọ tó o ń lérí káàkiri yìí, ṣé o lè bu omi wá?”

Mo ní, “Ìyá, omi wo ni?”

Ó ní, “Omi Oorun. Orí Òkè Agbọ̀nnijìgì ló wà, ìsun rẹ̀ kò ju ẹnu agbè lọ. Ẹni tó bá mu ún yóò sùn. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, omi náà fúnra rẹ̀ ń sùn ni. Bí wọ́n bá mì ín lẹ́ẹ̀kan, yóò yí ẹ̀gbẹ́ padà. Bí wọ́n bá mì ín lẹ́ẹ̀kejì, yóò la ojú kan. Bí wọ́n bá mì ín lẹ́ẹ̀kẹta, ó jí nìyẹn, bó bá sì ti jí, omi tí wọ́n fi fọ abọ́ sàn jù ú lọ. Òkúta ni òkè náà láti òkè délẹ̀. Àwọn kan ti lọ bù ú rí: Agbájé fẹsẹ̀ lọ, ó kọsẹ̀. Ládépò gun ẹṣin lọ, ẹṣin sín.”

Mo ro ó títí orí fi ń fọ́ mi. Kí ni ènìyàn lè gùn kọjá lórí òkúta tí kò ní mì? Ìgbà náà ni mo rántí Bùràímọ̀.

Bùràímọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ẹgbẹ́ mi ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ láéláé, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Àlejò kan tó máa ń gun àpáta ló fi kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ òkè ni. Táyà rẹ̀ ní eyín bí àgbàdo. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ni ìyanu wà. Fọ́ọ̀kì rẹ̀, irin tó di táyà iwájú mú, kì í ṣe irin gbọingbọin bíi ti kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń gùn lọ sóko. Ẹsẹ̀ méjì ni, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wọ inú irin mìíràn bí apá ṣe ń wọ inú ẹ̀wù. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n há mọ́ inú ẹsẹ̀ òsì, òun ló ń gbé ẹni tó gùn ún dìde bí sípíríǹgì. Ọ́ìlì ni wọ́n fi sínú ẹsẹ̀ ọ̀tún, òun ni kì í jẹ́ kó ta padà bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bó bá bá òkúta pàdé, ẹsẹ̀ á wọlé, á tún jáde, ẹni tó jókòó kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Bùràímọ̀ ní, “Ọdẹ, gùn ún kí n rí ọ.” Mo gùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ wo òrùka rọ́bà tín-ín-rín kan tó wà lára ẹsẹ̀ náà, tó ń fi bó ṣe rì tó hàn. “Ó rì jù. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kó rì bó o bá jókòó. Bí kò bá rì rárá, orí àpáta lo jókòó sí. Bó bá rì jù, inú ẹrẹ̀ ni.” Ó mú pọ́ǹpù kékeré kan tó ní gééjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, ó fi okùn rẹ̀ tó níhò nínú kan ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹsẹ̀ náà, ó fẹ́ ẹ títí abẹ́rẹ́ gééjì fi dé ibi tó fẹ́. “Má jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ kàn án láéláé! Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ju ẹnu kan lọ. Máa nu ẹsẹ̀ rẹ̀ kó o tó gùn ún. Má fi epo pupa kàn án. Má sì tú inú rẹ̀ láìkọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, àfi bó o bá fẹ́ kí irin fò lù ọ́ lójú.”

Mo ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọdẹ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irin?”

Ó ní, “Irin ìbọn ni tìrẹ. Irin ìbọn kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Ó ku ohun kan nípa pọ́ǹpù yìí, Ọdẹ. Bó o bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò—”

Mo ní, “Mo ti mọ̀ ọ́n!” Mo gba pọ́ǹpù, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo lọ. Ara mi kò balẹ̀. Ìyàwó mi ń kú lọ, ẹnì kan ń kọ́ mi ní ìwé. Mo gbàdúrà lórí kẹ̀kẹ́: Olúwa, ìwọ tó o fi afẹ́fẹ́ sínú amọ̀ tó di ènìyàn, bá mi ṣọ́ èyí tó wà nínú irin.

Ìlú tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni wọ́n ń pè ní Abueruku. Èèyàn ibẹ̀ kì í kí ara wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Eruku ni wọ́n máa ń bù sí ara wọn. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn gan-an, agbọ̀n kan ni wọ́n máa ń dà lé e lórí. Wọ́n fẹ́ràn mi. Nígbà tí wọ́n fi kí mi tán, mi ò rí imú mi mọ́, fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ mi sì ń ké kẹ̀ẹ́ kẹ̀ẹ́, ó ń wọlé tipátipá, kò sì fẹ́ jáde. Ọba wọn, tí irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ èéfín, dí ọ̀nà mọ́ mi. Ó ní n ó tú àlọ́ kan kí n tó kọjá, bí n kò bá tú u, wọn ó máa kí mi títí n ó fi di òkìtì.

“Kí ló ń wọlé, tó ń jáde, tí kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà rí?”

Ẹ wò mí, èmi tí mo ti ń gbọ́ ìró kẹ̀ẹ́ kẹ̀ẹ́ yẹn láti àárọ̀. Mo ní, “Kábíyèsí, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi ni!”

Ọba rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi tú ká. “Ta wá ni aṣọ́bodè rẹ̀?”

Mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì rí i: rọ́bà nínípọn kan tó yí ẹnu ibi tí ẹsẹ̀ gbé ń wọlé ká, òun ló ń lé eruku. Eruku ìkíni wọn sì ti jókòó sí i lọ́rùn. Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò, mo ti fẹ́ yọ àdín tí mo fi ń pa ìbọn, ni mo rántí Bùràímọ̀. Epo a máa gba eruku mọ́ra. Mo ya etí aṣọ mi, mo fi omi díẹ̀ rin ín, mo nu ẹsẹ̀ méjèèjì yíká títí wọ́n fi ń dán, mo tẹ orí kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, mo tún nu èyí tó ti inú rọ́bà jáde. Ìró kẹ̀ẹ́ dákẹ́. Mo kọjá.

Ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà mi gan-an ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Àwa ọdẹ ìlú mi ní àṣà kan. Níbikíbi tí a bá ti dúró, kí omi tó kan ọ̀fun wa, a ó ṣí àdó ẹ̀tù, a ó wo inú rẹ̀ bóyá ó tutù. Baba mi ní kí n má gbàgbé láéláé, pé ọdẹ tí kò bá wo ẹ̀tù rẹ̀ ní ìdúró, ẹranko ni yóò wo òkú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ẹ̀tù láti kékeré ni mo ń ṣe fún fọ́ọ̀kì. Mo dúró lábẹ́ igi, mo fi pọ́ǹpù kàn án, mo wo gééjì, mo yọ ọ́. Mo dúró létí odò, mo fi kàn án, mo wò ó, mo yọ ọ́. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ náà á ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo bá sì ń yọ okùn, n ó gbọ́ fíìì! N ó tún fi kàn án. Mo fẹ́ ẹ kún, mo gùn ún díẹ̀, mo tún wò ó. Ó ti dín! Nígbà tí mo fi máa dé igbó kejì, ńṣe ni kẹ̀kẹ́ náà ń foríbalẹ̀ fún gbogbo òkúta tó bá pàdé.

Mo ní, olè wà nínú igbó yìí.

Bí mo ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni mo rí iwin kan tó ga bí ọ̀pẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ó la ẹnu sókè, ó ń mu ìjì. Amafẹ́fẹ́yó ni orúkọ rẹ̀.

Mo ké mọ́ ọn, “Ìwọ olè! Dá afẹ́fẹ́ mi padà!”

Ó gbé ìjì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. “Afẹ́fẹ́ wo?”

“Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi!”

Ó tẹ̀ ba, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí. “Ọdẹ, ṣé o rí gbogbo ìjì tó wà lórí igi wọ̀nyẹn? Oúnjẹ àárọ̀ mi nìyẹn. Èmi ọmọ ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́, ni mo fẹ́ wá máa tẹnu bọ irin, bí ọmọdé tó ń lá ìdí ìkòkò?”

Ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ kì í gbọ́ ọgbọ́n. Mo lù ú. A dì mọ́ra wa láti ìgbà tí oòrùn wà ní àtàrí títí ó fi wọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Ó gbé mi lulẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Èmi náà gbé e lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lóòótọ́ ẹ̀rín ló mú un ṣubú, ṣùgbọ́n ó ṣubú! Nígbà tí a mí tán, ó na ìka gígùn sí ìsàlẹ̀ òkè. “Lọ bá Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ẹni tí kò mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò kì í bá òjò jà.”

Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó lẹ́yìn ìkòkò eérú àti àdín, ó ń ro ọṣẹ dúdú. Kò ní ojú lójú. Àtẹ́lẹwọ́ ni ojú rẹ̀ wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ohun tó bá fọwọ́ kàn nìkan ló ń rí. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo rojọ́ Ayọ̀ká fún un, mo rojọ́ omi, mo rojọ́ olè tó ń mu afẹ́fẹ́ mi.

Ó ní, “Fẹ́ ẹ kún, kó o yọ pọ́ǹpù kúrò.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ho ọṣẹ nínú igbá, ó fi ìfófòó rẹ̀ bo ẹnu afẹ́fẹ́, ó fi yí ọrùn ẹsẹ̀ náà ká níbi rọ́bà. “Bí ó bá ń jò, ìfófòó yóò wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Jókòó.”

Mo jókòó. Mo dìde. Mo tún jókòó.

“Jókòó, mo ní!”

A wò ó títí. Kò sí ojú ọ̀pọ̀lọ́ kankan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹsẹ̀ méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Kò ha. Kò sí ọ́ìlì tó ń sun lọ́rùn rẹ̀. Ilé yìí kò jò. Ta ló ń fi pọ́ǹpù sí i?”

“Èmi ni, ìyá.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lánàá?”

Mo kà á. Mo tún un kà. “Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún.”

Ó pàtẹ́wọ́, ojú méjèèjì sì pàdé ara wọn. “Ọmọ mi, mo ti rí olè rẹ! Okùn pọ́ǹpù yìí, òfìfo ni nígbà tó o bá fi kàn án. Kí ló ń wọ inú rẹ̀ kún un? Afẹ́fẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń wálẹ̀ lójú rẹ. Bó o bá wá yọ ọ́ láìfẹ́ òmíràn dípò rẹ̀, ìyẹn ti bá okùn lọ. Inú ẹsẹ̀ náà kò gbà ju ẹ̀kún ẹnu kan lọ, ìwọ sì ń tọ́ ọ wò nígbà mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó ń fi gbogbo ìgbà tọ́ ọbẹ̀ wò, ìsàasùn òfìfo ni yóò gbé síwájú àlejò.”

“Ariwo fíìì ńkọ́, ìyá?”

“Ti inú okùn ni. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti pa ẹnu dé kí ariwo yẹn tó dún.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rántí Amafẹ́fẹ́yó tí mo bá jà lórí ẹ̀sùn tí èmi fúnra mi jẹ̀bi rẹ̀, ojú tì mí dé ìka ẹsẹ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kọ́ mi. Ó ní kí n fẹ́ ẹ dé ojú àmì, kí n tẹ ọrùn kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nítorí pé yàrá méjì ló wà nínú ẹsẹ̀ òsì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ yàrá méjèèjì sì gbọ́dọ̀ kí ara wọn. Lẹ́yìn náà kí n fi díẹ̀ kún un, kí n yọ pọ́ǹpù, kí n má sì wẹ̀yìn. Mo jókòó sórí kẹ̀kẹ́, òrùka rọ́bà tín-ín-rín sì fi hàn pé ó rì ìdá kan nínú mẹ́rin, bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́.

Mo ní, “Ìyá, ẹ gba pọ́ǹpù náà lọ́wọ́ mi.”

Ó ní, “N kò gbà á. Ọwọ́ rẹ ni kò dáa, pọ́ǹpù kò ṣe nǹkan kan. Àbí kí n gba ọwọ́ náà?”

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sápò, mo kí i pé ó dàbọ̀.

N kò ní fi bí mo ṣe gun òkè dá yín dúró. Ẹni tó bá rí èèrà tó ń gun ògiri ti rí mi. Ní orí òkè, ìsun náà wà nínú àpáta, omi rẹ̀ ń hanrun díẹ̀díẹ̀, ó ń wú, ó ń rọlẹ̀, bí àyà ọmọ ọwọ́. Mo wólẹ̀, mo dúpẹ́. Mo fi ẹnu agbè tí mo gbé wá kan ojú omi, mo dúró kí omi wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí àgbà ṣe ń wọlé. Mo dí i lẹ́nu pẹ̀lú ewé, mo fi aṣọ gbé e kọ́ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, òkè fọ́ọ̀kì gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Háà, kẹ̀kẹ́ yẹn! Òkúta bí orí màlúù, ó gbé e mì. Gbòǹgbò bí ejò, ó kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tẹ ẹní. Omi ń hanrun, kò mọ̀ pé a ti kúrò nílé. Mo ti sọ̀ dé ìdajì òkè, ni nǹkan kan bá sọ nínú mi pé: bí afẹ́fẹ́ bá ti ń lọ sílẹ̀ ńkọ́? Mo ní rárá. Ó ní: wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, Ayọ̀ká lo ń ṣe é fún. Ìka mi ń yún mi. Mo ń gbàdúrà, ìka ń yún mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti là lójú, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé agbè kọ́ ẹ̀ka igi, mo fi pọ́ǹpù kàn án. Abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi wálẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí! Mo já a gbà kúrò, fíìì, mo tún fi kàn án kí n wo ohun tí fíìì mú lọ. Ìgbà mẹ́rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn lo ohun tó mọ̀. Mo gbé agbè padà, mo gùn ún.

Òkúta àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé, fọ́ọ̀kì rì, ó rì, ó kan ìsàlẹ̀. Gbì!

Mo gbọ́ ìmí ẹ̀dùn nínú agbè. Omi ti yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Jìnnìjìnnì bò mí, mo fún bíréèkì iwájú pọ̀, gbogbo ìwúwo mi sì wọ́ síwájú. Gbì!

Ìmọ́lẹ̀ kan bíi ti tanátaná yọ lẹ́nu agbè. Omi la ojú kan. Ohùn oorun kan jáde: “Ta ló ń mì mí?”

N kò mí. Mo rọra fẹsẹ̀ tilẹ̀, mo fi ohùn tí ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún kọrin fún un:

“Sùn, ọmọ àpáta, sùn,
ọmọ a-rọra-ṣàn-má-pariwo,
ilé kò jìnnà, ọ̀nà kò burú,
ẹni tó gbé ọ pọ̀n kò ní jù ọ́ sílẹ̀.
Sùn.”

Ìmọ́lẹ̀ náà ṣú díẹ̀díẹ̀. Ó hanrun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún mi láyé, èyí tó burú jù nínú òkè náà sì wà níwájú: àtẹ̀gùn òkúta tí kò lóǹkà, ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún rẹ̀.

Mo gbé agbè kọ́ igi. Mo fẹ́ fọ́ọ̀kì dé ojú àmì, mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo fi díẹ̀ kún un, mo yọ okùn. Fíìì. Ọwọ́ mi ti ń padà lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ajá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà. Mo ní, “Ọmọ Ọdẹ́yalé, ẹ̀tù kọ́ lèyí. Ẹ̀tù kì í dín bí a bá wò ó.” Mo gbé pọ́ǹpù sókè, mo sọ ọ́ sínú ọ̀gbun.

Kò pẹ́, ohùn kan dún nísàlẹ̀: “Ta ló ń sọ irin lu èèyàn lórí? Ọdẹ, ṣé ìjà wa kò tíì tán ni?” Amafẹ́fẹ́yó ni. Mo bẹ̀ ẹ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí omi má baà gbọ́.

Mo gun kẹ̀kẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ohun tí mo lè yẹ̀ wò mọ́, àfi ọ̀nà. Mo ń ki kẹ̀kẹ́ náà lábẹ́ ètè:

“Ẹlẹ́sẹ̀ afẹ́fẹ́, a-jìyà-má-ròyìn,
a-tẹríba-fún-òkúta-má-sìn-ín,
o wọlé, o jáde, o kò kúrò níbi iṣẹ́,
gbé mi, má mì mí, ọmọ irin tó ń mí.”

Àtẹ̀gùn kìíní, ó wọlé, ó jáde. Ìkẹwàá, ó wọlé, ó jáde. Ní gbogbo àtẹ̀gùn ni ọkàn mi ń sọ pé èyí ni yóò kan ìsàlẹ̀. Òógùn bò mí lójú, n kò nù ún. N kò mọ iye tó kù nínú ẹsẹ̀ náà, n kò sì ní mọ̀ ọ́n láé. Nígbà tí táyà fọwọ́ kan iyanrìn ìsàlẹ̀ òkè, omi ṣì ń hanrun, èmi sì ń sunkún bí ọmọdé.

Mo wọ ilé ní ọ̀sán, ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti kúrò. Ayọ̀ká ń gbálẹ̀. Kò lágbára láti gbé ìgbálẹ̀ mọ́, ó ń fà á ni. Ìyá Morádékẹ́ gba agbè lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó gbé e sí i lẹ́nu. Ayọ̀ká mu ún tán. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo àjà.

Mo ní, “Ayọ̀ká, ṣé ó ń bọ̀?”

Mo súnmọ́ ọn. Mo tún ní, “Ayọ̀ká, ṣé oorun ti ń kùn ọ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí, mo ń wo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó wálẹ̀ díẹ̀. Mo ní, “Ó ti ń bọ̀!” Ó tún là.

Ayọ̀ká ní, “Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kúrò lórí mi.”

Ìyá rẹ̀ gbá mi lọ́wọ́. “Jáde, ìwọ ọkùnrin yìí! Oorun kì í wọ ilé tí wọ́n ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.”

Mo jáde. Mo jókòó sórí odó tó dojú dé lẹ́yìn ògiri. Mo dìde, mo tún jókòó. Oòrùn ń ta mí lórí, n kò ṣípò. Bí omi náà bá ti jí láàárín ọ̀nà tí n kò mọ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ojú kan tó là ni kò padé dáadáa ńkọ́? Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo ń tún un sọ, mo ń tún un sọ, títí ọ̀rọ̀ náà kò fi ní ìtumọ̀ mọ́.

Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ọ. Ohùn kékeré kan láti inú ilé, ó wú, ó rọlẹ̀. Mo rò pé etí mi ni. Ó tún wú, ó sì ké bíi ti ẹni tó ń la pákó. Ayọ̀ká mi, adúmáadán, ń hanrun bí àgbà ọkùnrin!

Fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Kò ju kí n na ọrùn lọ.

N kò nà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi sùn, ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo sì fi jókòó sórí odó yẹn, tí mo ń fi etí nìkan jẹ oúnjẹ.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti dẹ́kun yíyún rèé, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí oorun mọ ọ̀nà ilé yín. Ẹ gbé àpótí yín, kí kálukú máa lọ sùn.